Kí ni kọ́ńsúlù wa lè ṣe fún ẹni tí wọ́n tì mọ́lé ní ilẹ̀ òkèèrè?

Ọmọ Ìtòkú:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín. Àbúrò mi ọkùnrin, tí ó ń bá mi rẹ aṣọ láró ní Ìtòkú kí ó tó rìnrìn-àjò, ni àwọn ọlọ́pàá mú ní orílẹ̀-èdè kan ní ilẹ̀ Yúróòpù ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ni ó pè wá. Ohun tí a gbọ́ ni pé wọ́n bá ẹrù tí òfin kà léèwọ̀ nínú ọkọ̀ tí ó bá wọn wọ̀, ẹrù náà kì í ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ ni wọ́n kó. Láti ọjọ́ náà ni màmá wa kò ti fojú kan oorun.

Ìmọ̀ràn mẹ́ta ni mo ti gbà ní ìgboro Abẹ́òkúta, kò sì sí èyí tí ó bá ìkejì rẹ̀ mu. Ẹnì kan ní Kútọ̀ ní kí n lọ sí ẹ́ḿbásì orílẹ̀-èdè náà ní Àbújá kí n lọ fi ẹkún bẹ̀ wọ́n. Ẹlòmíràn ní kí n fọkàn balẹ̀, pé kọ́ńsúlù Nàìjíríà tí ó wà lọ́hùn-ún yóò lọ mú un jáde, pé iṣẹ́ tí ìjọba ń tìtorí rẹ̀ san owó oṣù fún un nìyẹn. Ẹnì kẹta, ní Pánṣẹ́kẹ́, ní òun mọ ọ̀nà, pé kí a kó owó kan wá tí òun yóò fi bá kọ́ńsúlù sọ̀rọ̀, owó náà sì pọ̀ débi pé ẹ̀rù bà mí láti sọ iye rẹ̀ fún màmá.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ lọ́wọ́ yín ni èyí: ta ni ń jẹ́ kọ́ńsúlù gan-an, ìyàtọ̀ wo ni ó wà láàárín òun àti àńbásédọ̀, ibo sì ni agbára rẹ̀ parí sí?

Amòfin Ìbarà:

Ẹ kú ìdààmú, arábìnrin wa. Kí a tó sọ ohunkóhun, ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ fún ẹni ti Pánṣẹ́kẹ́ yẹn. Kọ́ńsúlù kì í gba owó kí ó tó lọ wo ẹni tí ó wà ní àtìmọ́lé, kò sì sí alágbàtà kankan láàárín òun àti ẹbí. Owó páspọ́ọ̀tù, owó físà àti owó òǹtẹ̀ ìwé ni à ń san ní ọ́fíìsì rẹ̀, ènìyàn sì gbọ́dọ̀ gba rìsíìtì.

Ẹni tí ó ní kí ẹ lọ sí Àbújá náà ṣi ọ̀nà, ṣùgbọ́n àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni. Físà ni púpọ̀ nínú wa fi mọ kọ́ńsúlù; nítorí pé a máa ń gbéra ní Abẹ́òkúta kí ilẹ̀ tó mọ́ kí a lè lọ tò ní Victoria Island, a rò pé ẹni tí ó ń fún àlejò ní àṣẹ ìwọ̀lú ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Apá kan iṣẹ́ rẹ̀ ni ìyẹn, kì í ṣe gbòǹgbò rẹ̀. Ọmọ ìlú rẹ̀ ni ìjọba rán kọ́ńsúlù láti lọ máa ṣọ́ ní ilẹ̀ àjèjì. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí ó wà ní Nàìjíríà ni kọ́ńsúlù Amẹ́ríkà tí ó wà ní Èkó ń ṣọ́. Èmi àti ẹ̀yin ni kọ́ńsúlù Nàìjíríà tí ó wà ní Frankfurt, Johannesburg tàbí Jeddah ń ṣọ́. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà tí ó wà ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti mú àbúrò yín ni ẹ ó kàn sí.

Ní ti ìyàtọ̀ òun àti àńbásédọ̀, ẹ rò ó báyìí: ọ̀rọ̀ láàárín ìjọba àti ìjọba ni ti àńbásédọ̀, olú-ìlú ni ó sì máa ń gbé, ọ̀rọ̀ ènìyàn, òwò, ọkọ̀ ojú omi àti ìwé ni ti kọ́ńsúlù, ó sì lè wà ní ìlú mìíràn tí àwọn ènìyàn wa ti pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, Washington ni ẹ́ḿbásì wa wà, ṣùgbọ́n a ní kọ́ńsúlù àgbà ní New York àti ní Atlanta. Níbi tí kò bá ti sí ilé-iṣẹ́ kọ́ńsúlù lọ́tọ̀, ẹ̀ka kan nínú ẹ́ḿbásì ni yóò máa ṣe iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ náà ni ní High Commission, orúkọ tí ẹ́ḿbásì ń jẹ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì. Òfin wọn kò tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Àdéhùn Vienna ti 1961 ni ó de àńbásédọ̀; ti kọ́ńsúlù ni èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìlú kan náà ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin 1963, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta 1967. Ìdí nìyẹn tí ààbò wọn kò fi dọ́gba: a kò lè fi ọwọ́ òfin kan àńbásédọ̀, ṣùgbọ́n bí kọ́ńsúlù bá dá ọ̀ràn ńlá, tí ilé-ẹjọ́ ibẹ̀ sì pàṣẹ, wọ́n lè mú un.

Abala 36 nínú àdéhùn 1963 yìí ni ó kan ilé yín. Ó sọ pé bí ọlọ́pàá bá mú àlejò, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún un láìjáfara pé ó ní ẹ̀tọ́ sí kọ́ńsúlù rẹ̀. Bí ó bá béèrè fún un, wọ́n gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ sí kọ́ńsúlù náà, kí wọ́n sì fi lẹ́tà tí ó bá kọ jíṣẹ́. Kọ́ńsúlù ní ẹ̀tọ́ láti lọ bẹ̀ ẹ́ wò, láti bá a sọ̀rọ̀, láti kọ̀wé sí i, àti láti bá a ṣètò agbẹjọ́rò.

Àwọn ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, nítorí pé orí wọn ni àwọn orílẹ̀-èdè ti bá ara wọn dé Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí wọ́n jẹ́ ọmọ Jámánì, Karl àti Walter LaGrand, ni wọ́n mú ní Arizona ní 1982 lórí ìdigunjalè ní báǹkì, níbi tí ẹnì kan ti kú. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ kò sọ fún wọn pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí kọ́ńsúlù wọn, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì ní 1999. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ dájọ́ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà 2001, ó sọ pé ẹ̀tọ́ inú abala 36 kì í ṣe ti ìjọba nìkan, pé ẹni tí wọ́n mú gan-an ni ó ni ín. Ní 2004, nínú ẹjọ́ tí Mẹ́síkò pè lórí àwọn ọmọ rẹ̀ tí Amẹ́ríkà ti dá ẹjọ́ ikú fún, ilé-ẹjọ́ náà túmọ̀ “láìjáfara”: ní kété tí àwọn agbófinró bá ti mọ̀, tàbí tí wọ́n bá rí ìdí láti fura, pé àlejò ni ẹni tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ 17 oṣù keje 2019, ó sọ fún Pakísítánì pé ẹ̀sùn amí tí wọ́n fi kan ọmọ Íńdíà kan, Kulbhushan Jadhav, kò tó láti fi dínà mọ́ kọ́ńsúlù Íńdíà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí ilé-ẹjọ́ kò ṣe. Íńdíà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tú u sílẹ̀, ilé-ẹjọ́ kò gbà. Ó ní kí Pakísítánì tún ẹjọ́ náà yẹ̀ wò ni. Bí Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé pàápàá kò bá sọ pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, ẹ má retí pé kọ́ńsúlù yóò ṣí i.

Àgbà Òkè-Ìlẹ̀wọ̀:

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o, bá mi kí màmá. Amòfin ti sọ ti òfin. Èmi fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe akọ̀wé ní ẹ̀ka kọ́ńsúlù lókèèrè kí n tó fẹ̀yìntì wá sílé, n ó sọ ohun tí ojú mi rí.

Bí a bá ti gbọ́ pé wọ́n mú ọmọ wa, a ó kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ ibẹ̀ láti béèrè ibi tí ó wà, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án àti ọjọ́ tí yóò fara hàn níwájú adájọ́, lẹ́yìn náà ni a ó tọrọ ọjọ́ ìbẹ̀wò. Nígbà tí a bá dé ọgbà, a ó jókòó tì í nínú yàrá kékeré kan, a ó sì máa bi í ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣé wọ́n lù ú, ṣé ó ń jẹun, ṣé ó ní àìsàn tí ó ń lo oògùn sí, ṣé ó gbọ́ èdè tí wọ́n fi ka ẹ̀sùn náà sí i létí, ṣé wọ́n fún un ní ògbufọ̀ àti agbẹjọ́rò, ṣé ó sì ti fọwọ́ sí ìwé kankan. Ìbéèrè tí ó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ti rò lọ, nítorí pé mo ti rí ọmọkùnrin tí ó fọwọ́ sí ìwé mẹ́fà tí kò lè kà. Bí wọ́n bá ń fi ìyà jẹ ẹ́, a ó fi ẹ̀sùn sun ìjọba ibẹ̀ ní orúkọ Nàìjíríà, ìwé bẹ́ẹ̀ sì máa ń jẹ́ kí ọwọ́ ẹni tí ó ń na ẹlẹ́wọ̀n rọ̀. Ẹlẹ́wọ̀n tí àwọn ará ilé rẹ̀ mọ ibi tí ó wà kì í rí ìyà kan náà pẹ̀lú ẹni tí kò ní ẹnì kankan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí kò sí nínú òfin kankan. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí a bá jókòó, ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ máa ń jáde lẹ́nu wọn kì í ṣe ti agbẹjọ́rò tàbí ti ìdáǹdè. “Ṣé ẹ ti sọ fún màmá mi?” ni. Nígbà mìíràn ẹ̀rù pé a ti sọ fún un ni ó ń bà wọ́n, nígbà mìíràn ohun tí wọ́n fẹ́ gan-an ni.

Ohun tí a kò lè ṣe pọ̀. Kọ́ńsúlù kò lè bá adájọ́ sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, kò lè dúró gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò nínú ẹjọ́, kò lè béèrè pé kí wọ́n tọ́jú ọmọ wa ju ọmọ onílé lọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í san owó ìtanràn tàbí gbèsè hòtẹ́ẹ̀lì. Àwọn kan ti wá bá wa pé kí a bá àwọn wá iṣẹ́. Bàbá kan fẹ́ kí a lọ parí ìjà òun àti ìyàwó rẹ̀. A gbọ́ ti àwọn méjèèjì, nítorí pé Yorùbá ni bàbá náà, n kò sì lè lé àgbà sóde.

Àwọn iṣẹ́ yòókù kì í ṣe ohun tí ń mú ariwo wá. A ń tún páspọ́ọ̀tù ṣe. A ń forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀. A ń jẹ́rìí sí ìwé ogún àti ìwé àṣẹ fún ẹni tí ó fẹ́ ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní ilé láìwá sílé. Ẹni tí páspọ́ọ̀tù rẹ̀ sọnù tàbí tí ó ti parí, a lè fún un ní ìwé ìrìnnà pàjáwìrì tí yóò fi wọ ọkọ̀ òfúrufú wá sí Nàìjíríà, kì í sì í kọjá bẹ́ẹ̀. Ti òkú ni ó máa ń wúwo jù lọ́kàn mi: ìwé ikú, ìwé ilé ìgbókùú-sí, ìwé ọkọ̀ òfúrufú, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀, nígbà tí ẹbí ń pè láti ilé lóru tí wọ́n ń béèrè ọjọ́ tí òkú yóò dé. Àsìkò ogun àti rògbòdìyàn nìkan ni ayé máa ń rí wa, bí ìgbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa kúrò ní Ukraine ní 2022 àti ní Sùdáànù ní 2023.

Tíṣà Ìtàn Aké:

Ẹ fojú fo èyí bí kò bá wúlò fún yín lónìí, arábìnrin. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní kọ́ńsúlù yóò “lọ mú un jáde” kò ṣàdédé rò bẹ́ẹ̀. Kọ́ńsúlù tí àwọn baba ńlá wa mọ̀ ní irú agbára yẹn, ó tilẹ̀ ní jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 1849 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi John Beecroft jẹ kọ́ńsúlù fún gbogbo etíkun láti apá Dahomey lọ sí Kamẹrúùnù. Ó wá sí Abẹ́òkúta níbí ní oṣù kìíní 1851. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn lu Èkó, Kòsọ́kọ́ ọba Èkó ti sá, Akítóyè sì ti padà sórí oyè. Benjamin Campbell tí ó di kọ́ńsúlù ní Èkó ní 1853 kò yàtọ̀. Ní 1856, lẹ́yìn tí ó ti bá Ẹfúnróyè Tinúubú fa wàhálà lórí òwò àti lórí agbára tí obìnrin náà ní láàfin, wọ́n lé Tinúubú kúrò ní Èkó, Abẹ́òkúta sì ni ó sá wá, níbi tí ó ti di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864. Ẹ rántí pé kọ́ńsúlù ni Campbell, kì í ṣe gómìnà. Ìgbà tí Dòsùnmú ọba Èkó fọwọ́ sí ìwé ní oṣù kẹjọ 1861 ni Èkó tó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1887, Harry Johnston, tí ó ń dípò kọ́ńsúlù, pe Ọba Jájá ti Òpóbò wá sínú ọkọ̀ ogun fún ìpàdé, ó sì mú un lọ.

Nígbà tí mo bá ka abala 55 nínú àdéhùn tí amòfin tọ́ka sí, èyí tí ó pàṣẹ pé kí kọ́ńsúlù bọ̀wọ̀ fún òfin ilẹ̀ tí ó wà, kí ó má sì dá sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé wọn, Jájá àti Tinúubú ni mo máa ń rántí. Òkùn tí ó de ọwọ́ kọ́ńsúlù wa lọ́hùn-ún lónìí náà ni ó de ọwọ́ tiwọn níhìn-ín, n kò sì rò pé a ó fẹ́ kí wọ́n tú u.

Ọlọ́jà Lafẹ́nwá:

Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ fi ìbéèrè kan há a. Mo mọ oníṣòwò kan ní Èkó, ọmọ Nàìjíríà pọ́nńbélé, tí wọ́n kọ ọ́ sára ilé rẹ̀ pé kọ́ńsúlù orílẹ̀-èdè kan ni, ó sì ń ta sìmẹ́ńtì. Ṣé kọ́ńsúlù òtítọ́ ni irú wọn, ṣé ó sì lè ran arábìnrin yìí lọ́wọ́?

Amòfin Ìbarà:

Ìyá Ọlọ́jà, òtítọ́ ni, bí ìjọba wa bá ti fọwọ́ sí ipò rẹ̀. Kọ́ńsúlù onípò ọlá ni à ń pè wọ́n. Orílẹ̀-èdè tí kò fẹ́ náwó sí ọ́fíìsì ńlá lè fi ènìyàn iyì tí ó ń gbé ìlú náà ṣe aṣojú rẹ̀, láìní kí ó fi òwò rẹ̀ sílẹ̀. Ààbò tí òfin fún wọn kéré. Àwọn ará orílẹ̀-èdè tí ó fi wọ́n jẹ ni wọ́n ń ṣojú, nítorí náà kò lè ran àbúrò arábìnrin wa lọ́wọ́.

Ọmọ Ìtòkú:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, mo ka gbogbo rẹ̀ sí màmá létí. Ọ̀rọ̀ kan ti yọjú láti àná. Ọ̀rẹ́ àbúrò mi rí i ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó sì sọ pé àwọn ọlọ́pàá bi í nígbà tí wọ́n mú un bóyá ó fẹ́ kí wọ́n sọ fún kọ́ńsúlù Nàìjíríà, ó sì ní rárá. Ìtìjú ni, àti ìbẹ̀rù pé ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti fẹ́ tán, pé bí ìjọba wa bá mọ̀, wọn yóò dá a padà sílé. Ṣé ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn?

Amòfin Ìbarà:

Kò tì. Ẹ̀tọ́ tirẹ̀ ni láti kọ̀, bí ó bá sì sọ ọ́ gbangba pé òun kò fẹ́, òfin ní kí kọ́ńsúlù má ṣe gbé ìgbésẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ó lè yí ọkàn padà lọ́la, kí ó sọ fún ọ̀gá ọgbà tàbí agbẹjọ́rò rẹ̀ pé òun ti fẹ́ báyìí. (Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ ìbá ti yàtọ̀: Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Amẹ́ríkà gbà pé òun yóò sọ fún kọ́ńsúlù wọn dandan, yálà ẹni náà béèrè tàbí kò béèrè.) Ẹ̀yin ẹbí náà lè kọ̀wé sí kọ́ńsúlù láìdúró dè é, kí kọ́ńsúlù sì lọ bi àbúrò yín fúnra rẹ̀.

Ní ti ìbẹ̀rù rẹ̀, kọ́ńsúlù wa kọ́ ni ó ń lé ènìyàn kúrò ní ilẹ̀ àjèjì. Ìjọba ibẹ̀ ni, páspọ́ọ̀tù rẹ̀ sì ti wà lọ́wọ́ wọn. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo máa ń gbà nímọ̀ràn pé kí ó kọ́kọ́ bi agbẹjọ́rò rẹ̀ dáadáa ni ẹni tí ó ń tọrọ ààbò lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè náà nítorí pé ó ń sá fún ìjọba ilé rẹ̀. Bí ọ̀ràn àbúrò yín kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó jẹ́ kí wọ́n wá.

Àgbà Òkè-Ìlẹ̀wọ̀:

Kí lẹ́tà yín kúrú, ọmọ mi. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ bí ó ti wà nínú páspọ́ọ̀tù gẹ́lẹ́, kì í ṣe orúkọ tí ẹ ń pè é nílé. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, nọ́ńbà páspọ́ọ̀tù náà, ọjọ́ tí wọ́n mú un, ìlú àti orúkọ ọgbà tí ó wà, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ẹ̀dà ojú ewé àkọ́kọ́ nínú páspọ́ọ̀tù náà sí i, kí ẹ sì sọ ìbátan yín sí i. Ẹ má kọ ìtàn ẹrù inú ọkọ̀ sínú rẹ̀ rárá. Agbẹjọ́rò rẹ̀ ni ẹ ó sọ ìyẹn fún. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Àbújá. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí ẹ kò gbọ́ nǹkan kan, ẹ tún un kọ, kí ẹ sì fi ọjọ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ sí i. Lẹ́tà tí a bá kọ lẹ́ẹ̀mejì ni a máa ń yọ kúrò lábẹ́ àwọn yòókù.

Ọmọ Ìtòkú:

Mo ti rí ẹ̀dà páspọ́ọ̀tù náà nínú àpótí rẹ̀, mo sì ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ wa lọ́hùn-ún àti sí Àbújá ní àárọ̀ yìí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò tún lọ bẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́bọ̀, yóò sì sọ fún un pé kí ó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Màmá ní dandan, kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n bá òun béèrè bóyá ó ń jẹun. Mo fi sí òpin lẹ́tà náà, lẹ́yìn nọ́ńbà páspọ́ọ̀tù. Bàbá Òkè-Ìlẹ̀wọ̀, ẹ forí jì mí, ó mú un gùn díẹ̀.